Ọdún Márùn-ún Tí Wọ́n Kà fún Ràímì

Peckham, London.
14 Oṣù Kẹfà, 1992.

Ẹ̀gbọ́n mi Asiata,

Àsàláámù àlékùn o. Ara Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ yín ńkọ́, ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ṣé obìnrin tí ẹ ń rán bùbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ ti wá gbà á, àbí ó ṣì ń bá yín jà pé ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù? Mò ń rí yín láti ibi tí mo jókòó sí, téèpù lọ́rùn, tí rélùwéè ń fọn fèrè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ò sì gbọ́ nǹkan tí oníbàárà ń wí.

Oṣù méjì ti pé tí mo ti dé. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ẹ kúkú mọ̀ mí, bí mo bá ti gbé bírò, ojú a máa tì mí bí ẹni pé èèyàn ń yọjú wò mí. Ìwé tí mo kà náà ò pọ̀. Ibi tí mo bá ti ṣì í, kí ẹ fi ẹ̀rín gbà á.

Ẹ bi mí lọ́jọ́ tí ẹ sìn mí dé Èkó pé, "Safi, ọkùnrin tí o ò fojú rí rí, ṣé àyà rẹ ò já?" Àyà mi já. Fọ́tò ọkọ mi tí wọ́n gbé sórí ẹní lọ́jọ́ yìgì ni mo mọ̀, tí Bọ̀dá Àkànbí àbúrò rẹ̀ jókòó tì, tó ń dá alfa lóhùn pé òun gbà mí fún ẹ̀gbọ́n òun. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, mi ò dá ọkọ mi mọ̀. Ó tín-ín-rín ju ti fọ́tò lọ, awọ ojú rẹ̀ dúdú níbì kan, ó pọ́n níbì kan. Òun ló dá mi mọ̀. Ó ní, "Safiyat, kú ìrìn," ó sì bọ́ kóòtù rẹ̀ wọ̀ mí. Òun ló ń gbọ́únjẹ fún èmi ìyàwó o! Ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín. Ó máa ń fi ìka bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi pé kí n tọ́ ọ wò, kí n sọ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí torí pé ẹ ò rí ojú mi.

Nǹkan kan tún wà. Ó ń lo oògùn láràárọ̀. Mo rò pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan wá ń bi mí bóyá mo mọ ohun tó ṣe é. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi wò mí, ó ní, "Wọn ò sọ fún ẹ ni?" Nígbà náà ló tó sọ fún mi pé àrùn jẹjẹrẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀ òun ní ọdún 1987. Wọ́n ní kò sí oògùn tó lè wo irú rẹ̀ tán, àfi kí wọ́n pa mùdùnmúdùn inú eegun rẹ̀, kí wọ́n fi ti ọmọ ìyá rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n yẹ gbogbo ọmọ Alhaja ìyá rẹ̀ wò, ti Bọ̀dá Àkànbí nìkan ló bá tirẹ̀ mu. Nínú Oṣù Kejìlá ọdún náà, Bọ̀dá Àkànbí wá síhìn-ín, wọ́n fa mùdùnmúdùn náà nínú eegun ìdí rẹ̀, wọ́n sì fà á sára ọkọ mi bí ẹni fa ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ti yí padà! Irú O ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, B ni ti Bọ̀dá Àkànbí, B lòun náà báyìí. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ ni. Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá òrí tó dára, awọ rẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń yún un. Kí ọ̀rọ̀ yìí má sì kọjá ẹ̀yin àti Màmá.

Èmi àbúrò yín,
Safiyat Àṣàkẹ́.


Ọ̀fà.
20 Oṣù Keje, 1992.

Àṣàkẹ́ ọmọ ìyá mi,

Wàláékùmù sàláàmù. Ìwọ tí àlejò kì í kí tán kí o tó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwọ lo wá ń kọ ọ́ sínú ìwé pé o fẹ́ràn ọkọ? Mo ka ibẹ̀ sí Màmá létí, wọ́n fi ìborùn bojú, wọ́n ní, "Asiata, fo ibẹ̀ yẹn, fò ó." Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún un kà.

Gbogbo wa wà. Obìnrin bùbá ti gbé e lọ, ọrùn rẹ̀ ò fẹ̀, òun ni kò lọ́rùn. Mo ti fi òrí rán Káyọ̀dé ará Ìjàgbo, ó ń bọ̀ wá sí London níparí oṣù. Inú ike ni mo dì í sí, kí ó má yọ́ sí i láṣọ.

Má bínú sí mi o. Alhaja, ìyá ọkọ rẹ, wá gba ìró rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ó tó jókòó ló ti ní, "Ìyàwó mi ńkọ́, kò tíì máa tutọ́?" Mo ní oṣù mélòó ló tíì lò níbẹ̀. Ó fajú ro. Mo wá wá nǹkan tí n ó fi tù ú nínú, ni mo bá sọ ti ẹ̀jẹ̀ fún un, pé ara ọmọ rẹ̀ le, pé ẹ̀jẹ̀ Àkànbí ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ dáadáa. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ pátá, Asiata, kò ku ti Ràímì ọmọ mi kankan?" Mo ní bí dókítà ṣe wí nìyẹn. Ó ní "Àlùhámúdùlíláì," ó dìde, ó gbàgbé ìró tó wá gbà.

Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé kí ẹ tètè ṣe o. Ó ní ọdún márùn-ún náà ò ní pẹ́ pé.

Màmá ń kí ọ. Máa jẹun dáadáa.

Asiata.


Peckham, London.
23 Oṣù Kẹjọ, 1992.

Ẹ̀gbọ́n mi Asiata,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí àwọn ọmọ. Òrí dé, ọkọ mi ní kí n dúpẹ́ gan-an.

Mo ń bẹ̀ yín, kí ẹ ka èyí nígbà tí ẹ bá dá wà. Nítorí ọ̀rọ̀ Alhaja, mo sọ fún ọkọ mi pé kí a lọ bi dókítà bóyá nǹkan ṣe mí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó wá ní, "Safiyat, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́. Kí wọ́n tó fún mi ní mùdùnmúdùn Àkànbí, wọ́n fi iná ẹ̀rọ kan, iná téèyàn kì í rí, jó gbogbo ara mi kí tèmi lè kú. Iná yẹn ò yan ibì kan. Wọ́n sọ fún mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní lè bímọ mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo fẹ́ wà láàyè, mo fọwọ́ sí i."

Mo ní kí ló dé tó fi wá fẹ́ mi. Ó ní, "Mo kọ ọ́ sí Alhaja nígbà tí wọ́n ní àwọn ti rí ìyàwó fún mi. Mo ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yẹn, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó gbà. Wọ́n kọ̀wé padà pé o gbà. Pé o tilẹ̀ dúpẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bá mi dúpẹ́?

Mo sunkún títí, òun náà sunkún. Ọjọ́ kejì ó tún bu ọbẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mi ò mọ bóyá iyọ̀ tó.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ìkíní, ọdún márùn-ún wo ni Alhaja ń wí? Ìkejì, ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ mọ nǹkan kan kí wọ́n tó so yìgì mi?

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Safiyat.


Peckham, London.
4 Oṣù Kẹwàá, 1992.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń ju lẹ́tà sí níbí, gbogbo ìgbà tí ihò ilẹ̀kùn bá ti dún ni mo ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo aládùúgbò ni wọ́n ń kọ̀wé sí, àfi èmi.

Ká ní ẹ ò mọ̀ ni, ẹ̀ bá ti dáhùn. Ẹ tètè máa ń fèsì ọ̀rọ̀, láti kékeré. Ìgbà tí ẹ bá jẹ̀bi nìkan lẹ máa ń dákẹ́.

Safiyat.


Ọ̀fà.
25 Oṣù Kẹwàá, 1992.

Àṣàkẹ́,

Mo kí ọ. Mi ò mọ bí n ó ṣe kí ọ.

Mo mọ díẹ̀. Alhaja wá bá èmi àti Màmá kí ọ̀rọ̀ yìgì tó délẹ̀. Ó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ṣe Ràímì, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni dókítà fún un. Àkànbí ló mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti London. Oṣù Kejìlá ọdún yìí ni yóò pé. Ti pé kò lè bímọ, mo fi Kùránì búra fún ọ, kò sọ ọ́ fún wa. Ohun tí a rò ni pé wàá tètè lóyún, pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, ọmọ á wà lọ́wọ́ rẹ, wàá sì ti rí ayé. Ìwọ náà rántí pé Alhaji Ọlábámijí ló ń bọ̀ nílé wa nígbà náà, tó fẹ́ fi ọ́ ṣe ìyàwó kẹrin. Màmá ní ọdún kan lọ́dọ̀ ọmọkùnrin gidi sàn ju ogún ọdún lọ́dọ̀ bàbá arúgbó tó ń lu ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rò ó. A ò bi ọ́. Ìwọ náà ò kúkú bèèrè, àbúrò mi, o kàn tẹrí ba.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo gbé e, èmi àti Màmá gba ọ̀dọ̀ Alhaja lọ. Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú. Mo ní, "Ẹ mọ̀ pé kò lè bímọ, ẹ wá ń bèèrè itọ́!" Kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibì kan. Ó ní kí n jókòó. Ó ní látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn lòun ti rí ọ̀nà.

N ó kọ ọ́ bó ṣe wí i, torí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní kí o wálé nínú Oṣù Kejìlá, kí o lo oṣù mẹ́ta, kí Àkànbí lè fún ọ lóyún. Ó ní, "Ta ló jókòó gba yìgì? Àkànbí. Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lára Ràímì? Ti Àkànbí. Kí ni ìyàwó ń pe àbúrò ọkọ, ṣé kì í pè é lọ́kọ ni? Bí ọkùnrin bá kú, àbúrò rẹ̀ kì í ha ṣú opó rẹ̀? Èyí tí wọ́n ti sọ ọjọ́ rẹ̀ fún wa, kí ló dé tí a ó fi dúró kí ilẹ̀ gbé e mì kó tó lọ́mọ?" Ó ti ní kí wọ́n kun yàrá kan lẹ́yìn ilé.

Mo wò yíká pé kí Màmá bú u. Màmá ń tún ìborùn wọn wé.

Mo ti jíṣẹ́. Má bú mi tán, kí n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Asiata.


Peckham, London.
15 Oṣù Kọkànlá, 1992.

Ẹ̀gbọ́n mi Asiata,

Mo kí yín. Mo kí Màmá pẹ̀lú, ẹ sọ fún wọn pé mo kí wọn.

Lẹ́tà yín dé nígbà tí mo lọ ra wàrà. Ọkọ mi ló ṣí i, ó rò pé ti òrí mìíràn ni. Mo bá a lórí àga, ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àwọ̀ wo ni wọ́n kun yàrá náà?" Mo gbé wàrà kalẹ̀. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ lọ, mi ò ní bínú. Ohun tí mo ti gbà lọ́wọ́ Àkànbí, kò sí nǹkan tí mo tó fi dù ú."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti Alhaja lọ. Àṣé èmi ni wọ́n fẹ́ fi san mùdùnmúdùn.

Lẹ́yìn náà, èmi tí kì í wo ojú dókítà, mo tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù, mo sì bi dókítà fúnra mi nípa ọdún márùn-ún, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì mi tó ń tiro. Ó fà mí jókòó. Ó ní, "Ta ló ní ọdún márùn-ún ló máa lò?" Ó ní ohun tí àwọn sọ fún Àkànbí ni pé ọdún márùn-ún làwọn ó fi máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Ọdún kìíní àti ìkejì ló le jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kú sí, àrùn náà sì lè padà. Bí ó bá pé ọdún márùn-ún tí kò padà, ara máa ń balẹ̀. Ó ní nínú irú rẹ̀ mẹ́wàá tó bá kọjá ibẹ̀, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló ṣeé ṣe kí wọ́n wà láàyè tí ọdún márùn-ún mìíràn bá tún pé. Kò tàn mí o. Ó ní kò dájú pé yóò gbó tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò le tó ti ẹlòmíràn, òtútù lè gbé e ṣubú, awọ ara yẹn náà lè máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá ọjọ́ fún un.

Ẹnu ọ̀nà lẹ pè ní ibojì! Ẹ ti ń pín ogún ẹni tó ń jẹun.

Mo tún bi í ní ti ẹ̀jẹ̀. Ojú tì mí, mo ṣáà bi í. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló yí padà, ọkùnrin náà ò yí padà. Bí Àkànbí bá bímọ, ọmọ Àkànbí ni, ẹ̀jẹ̀ B kì í sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn.

Ẹ mú lẹ́tà yìí lọ bá Alhaja, kí ẹ kà á sókè. Ó dá mi lójú pé bó bá gbọ́ pé ọmọ òun máa wà láàyè, yóò gbàgbé yàrá yẹn. Ìyá kúkú ni.

Safiyat.


Ọ̀fà.
12 Oṣù Kejìlá, 1992.

Àṣàkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ.

Mo kà á. Alhaja wà níbẹ̀, Àkànbí wà níbẹ̀, ó ti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìlémọnà dé, Bíọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, Màmá náà wá. Nígbà tí mo dé ibi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, Alhaja ní kí n tún un kà. Ó sunkún. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó sunkún, ó na ọwọ́ sókè. Mo ti ń kó lẹ́tà padà sínú àpò nígbà tó sọ pé, "Asiata, jókòó. Bí ó bá jẹ́ ọdún márùn-ún ni, a ó sọ pé ikú ni kò jẹ́ kó bímọ. Ọgbọ̀n ọdún ńkọ́? Kí la ó máa sọ fún ọgbọ̀n ọdún? Ẹ̀mí gígùn láìlọ́mọ, ta ni yóò bu omi fún un lọ́jọ́ ogbó?"

Àṣàkẹ́, mo mú lẹ́tà náà dání, mo yíjú sí Àkànbí.

Mo ní, "Àkànbí, ìwọ ńkọ́?" Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nígbà tí wọ́n ní kí n lọ London, abẹ́rẹ́ yẹn ò rọrùn." Bíọ́lá dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a gbọ́ tí ó ń fọ́ abọ́.

Alhaja tún ní bí o bá kọ̀, Àkànbí tó gba yìgì náà lè tú u. Alfa tí wọ́n ránṣẹ́ sí ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnu Ràímì nìkan ló lè tú u. Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀wé sí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀. Ó ti fi í ránṣẹ́ ṣáájú tèmi. Yálà kí ó ní kí o wá, tàbí kí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa gbà.

Ó sì ti ń sọ ọ́ kiri pé oògùn lò ń lò kí o má bàa lóyún, kí ìdí rẹ má bàa tóbi ní ìlú òyìnbó. Wọ́n bi mí lánàá ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara mi.

Màmá ní kí o wá. Wọ́n ní ọmọ lọmọ ń jẹ́, kò sí ẹni tó ń wo ọ̀nà tó gbà wọlé. Mo kọ ọ́ torí pé wọ́n ní kí n kọ ọ́. Èmi kò ní kí o wá. Mi ò sì ní kí o wà láìlọ́mọ títí.

Sọ ohun tí n ó máa dá wọn lóhùn fún mi.

Asiata.


Peckham, London.
10 Oṣù Kìíní, 1993.

Ẹ̀gbọ́n mi Asiata,

Ẹ kú ọdún. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún Oṣù Kejìlá lọ́dún márùn-ún pé. Dókítà bọ ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní kí ó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún báyìí. Nọ́ọ̀sì fún wa ní bisikíìtì. A fẹsẹ̀ rìn padà sílé, a ò wọ bọ́ọ̀sì, ó ń mí helehele, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà Alhaja ló pàdé wa lábẹ́ ihò ilẹ̀kùn.

Kò jẹ́ kí n kà á. Ó ká a, ó fi sápò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bu ọbẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó ń wá ẹnu tó máa fi lé mi. Ní ọjọ́ kẹrin ó jókòó, ó kọ̀wé. Ó ka tirẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Alhaja, ọdún márùn-ún tí ẹ kà ti pé. Ràímì tí ẹ kà á fún ti kú, ẹ má kọ̀wé sí i mọ́. Èyí tó kù, Safiyat ni ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mi ò lè bímọ, kì í ṣe òun. Kí ẹ pe gbogbo agbo ilé jọ, kí ẹ ka èyí sí wọn létí, bí ẹ ṣe ka ti Asiata."

Ó kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi sínú póòsì.

Mi ò fi í síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ibi tó bá Alhaja wí ránṣẹ́, mo ya ibi tó ti ní òun ni kò lè bímọ. Ó mọ̀, mo sọ fún un. A jà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ohùn sókè sí ọkọ mi nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ máa padà sí Ọ̀fà lọ́jọ́ kan, ẹ fẹ́ kí wọ́n máa nawọ́ sí yín?" Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní èmi ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba.

Nítorí náà, èyí ni ìdáhùn tí ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá bi yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní èmi ni. Ẹ ní dókítà ti yẹ̀ mí wò, èmi ni mo yàgàn, ọkọ mi ló ní sùúrù fún mi. Ẹ má gún ìka yín mọ́. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ wo ojú wọn.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ti fọ́ mi lójú. Nígbà tí mo rò pé ọdún márùn-ún ni, mo sunkún pé ó kúrú. Ní báyìí, mo jí lọ́jọ́ kan, mo wò ó níbi tó sùn sí, mo ní, bí ó bá wá lo ọgbọ̀n ọdún lóòótọ́ ńkọ́? Ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ò ní pè mí ní ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù gígùn rẹ̀ bà mí ju ti kíkúrú lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò sọ fún un. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, ẹ̀yin tí ẹ ò sọ tèmi fún mi.

Mi ò ní í wálé. Ẹ sọ fún Màmá pé mi ò bínú tó bí wọ́n ṣe rò, ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó níwájú wọn. Bí mo bá jókòó, n ó bi wọ́n bóyá ọmọ lọmọ ń jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi èmi ọmọ wọn jìn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kí ẹ ka lẹ́tà àkọ́kọ́ sí wọn, ibi tí wọ́n ní kí ẹ fò yẹn.

Ọkọ mi wà nínú yàrá kejì, ó ń húkọ́, ó ń bi mí bóyá mo ti kọ̀wé tán kí a lè jẹun. Mo dá a lóhùn pé ó ku díẹ̀. Mo ti wo bébà yìí títí, kò ku nǹkan kan tí n ó kọ, síbẹ̀ mi ò tíì dìde.

Safiyat.